Gbà Kí O Tó Fi Ránṣẹ́

Ìwé pélébé kan wà lára kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé wa ní Ṣómólú lọ́dún 2004. Èmi ni mo fi máákà dúdú kọ ọ́, nítorí ímeèlì wa: "GBÀ KÍ O TÓ FI RÁNṢẸ́. BÍ KÒ BÁ LỌ, TẸ̀ Ẹ́ LẸ́Ẹ̀KEJÌ." Mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ojú ẹ̀rọ náà. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé téèpù náà pọ́n, eruku bébà sì bo etí rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ló ń ṣe ohun tí ìwé náà wí, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀, títí kan èmi tí mo kọ ọ́. Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ nígbà náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi dòní.

Ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé àdúgbò àwọn atẹ̀wé ni. Láti òwúrọ̀ ni ariwo ẹ̀rọ Kord ti ń dún láti ojúlé dé ojúlé, tí àwọn ọmọkùnrin ń ti ọmọlanke bébà kọjá láàárín ọkọ̀, tí òórùn íǹkì àti kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀rọ ń gba afẹ́fẹ́ kan. Kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, risíìtì, ìwé ètò ìsìnkú, kò sí èyí tí a kì í tẹ̀. Ọ̀gá mi ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí fún nǹkan bí ogún ọdún kí kọ̀ǹpútà tó dé. Èmi ni ó gbà sí ìdí kọ̀ǹpútà, nítorí mo mọ CorelDRAW, ètò tí a fi ń ya ojú ewé, mo sì lè tún Windows ṣe bó bá dákú.

Oníbàárà kan fi ímeèlì kọ̀wé sí wa láti Peckham ní London. Ìyá wọn ló kú ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n sì fẹ́ ká tẹ ìwé ètò ìsìnkú olójú ewé 24 tí wọn yóò bá nílẹ̀ bí wọ́n bá dé. Obìnrin tó jẹ́ àkọ́bí wọn ló ń bá wa sọ̀rọ̀. Ó fi fọ́tò ìyá ránṣẹ́, láti ìgbà tí ìyá wà lọ́mọge títí dé ọjọ́ ogbó, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó wá ku kí àwa náà fi púrúùfù ránṣẹ́, ìyẹn ojú ewé tí oníbàárà gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kí a tó ṣe pléètì. Nínú iṣẹ́ wa, bí orúkọ ọmọ kan bá fò nínú ìwé ìsìnkú, ìjà ẹbí ni. A kì í gbé e sórí ẹ̀rọ láìjẹ́ pé wọ́n ti rí i.

Ìsìnkú ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo tẹ "Send/Recv" nínú Outlook Express, ètò tí a fi ń gba ímeèlì tí a sì fi ń fi í ránṣẹ́. Ẹ̀rọ náà ronú díẹ̀, ó sì gbé àpótí pupa kan wá: 550, relaying denied. Lẹ́tà kò lọ. Lójú ẹsẹ̀ kan náà, lẹ́tà tuntun méjì wọlé láti Peckham, obìnrin náà ń béèrè pé ìgbà wo ni òun máa rí púrúùfù.

Ọ̀gá mi dúró lẹ́yìn mi. "Ṣé tiwọn ò wọlé ni?"

"Ó wọlé, sà."

"Ó wọlé, tiwa ò wá lè jáde? Irú ẹnu ọ̀nà wo ló ń gbà èèyàn wọlé tí kì í gbà á jáde?"

N kò ní ìdáhùn. Mo tún bọ́tìnnì náà tẹ̀, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé ó gbọ́ ohùn èèyàn nínú ilé. Lẹ́tà náà lọ. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà ló rí: ẹ̀ẹ̀kan àkọ́kọ́, ó kọ̀; ẹ̀ẹ̀kejì, ó gbà. Bí ìwé pélébé yẹn ṣe dé ara kọ̀ǹpútà nìyẹn.

Ìbéèrè tí ọ̀gá mi bi mí lọ́jọ́ náà, ìbéèrè tó jinlẹ̀ ni, òun ló sì mú mi wá ìdí ọ̀rọ̀. Kì í ṣe ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni. Lẹ́tà tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa ń dúró nínú àpótí kan lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àwọn tó ń bá wa tọ́jú ímeèlì lókè òkun. Bí a bá fẹ́ kó o, Outlook Express yóò lọ kan ilẹ̀kùn tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 110, yóò sì sọ èdè tí wọ́n ń pè ní POP. POP kì í fọ̀rọ̀ ṣeré. Yóò ní kí o dárúkọ, yóò ní kí o sọ páswọ́ọ̀dù, bí ọ̀kan kò bá bá èkejì mu, o kò ní fojú kan lẹ́tà kankan. Lẹ́tà tó ń jáde kò gba ibẹ̀. Ilẹ̀kùn 25 ló ń gbà, èdè ibẹ̀ sì ni SMTP. Olùṣọ́ méjì ni, ìwà wọn kò sì jọra rárá.

Jon Postel, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, ló kọ òfin SMTP jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 1982, nínú ìwé tí wọ́n fún ní nọ́ńbà RFC 821. Mo wá ìwé náà kà ní kafé ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo sì gbádùn rẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ìkíni ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá ń mú lẹ́tà bọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí ẹ̀rọ tó bá nílé, kó sì sọ orúkọ ara rẹ̀. Álífábẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ni wọ́n fi kọ ìkíni náà: HELO. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò sọ ẹni tí lẹ́tà ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, yóò sọ ẹni tí lẹ́tà ń lọ bá, kó tó wá sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Èèyàn tí wọ́n bá kọ́ nílé kí wọ́n tó rán an níṣẹ́ yóò mọ ìlànà yẹn lára. Àmọ́ níbi ìkíni yẹn gan-an ni nǹkan ti wọ́. Orúkọ yòówù tí o bá sọ, òun lorúkọ rẹ. Bí mo bá ní èmi ni gómìnà, gómìnà ni mí. SMTP ti 1982 kò ní ibi kankan tó ti ń béèrè pé, kí ni ẹ̀rí rẹ?

N kò dá Postel lẹ́bi. Àwọn kọ̀ǹpútà tó wà lórí ìsokọ́ra náà nígbà yẹn kò pọ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì wà ní yunifásítì àti ilé ìwádìí tó mọ ara wọn. Bí sáfà kan bá rí lẹ́tà tí kì í ṣe ti aráalé rẹ̀, yóò bá wọn gbé e síwájú, bí awakọ̀ Ìjẹ̀bú ṣe ń bá èèyàn mú wéébìlì láti gáréèjì kan dé èkejì. Inúure ni. Orúkọ tí wọ́n ń pe inúure yẹn ni "relay", ọ̀rọ̀ kan náà tó wà nínú àpótí pupa tó kọ lẹ́tà wa sílẹ̀.

Wọn kò pẹ́ kí wọ́n tó fi inúure náà jẹ. Kódà ṣáájú ìwé Postel, ní ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún ọdún 1978, ọkùnrin kan tó ń bá ilé iṣẹ́ DEC polówó kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, Gary Thuerk, fi ìpolówó kan ránṣẹ́ sí nǹkan bí 400 èèyàn lórí ARPANET, ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà tó ṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1994, lọ́yà méjì tó jẹ́ tọkọtaya ní Arizona da ìpolówó lọ́tìrì Green Card sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ìjíròrò lórí Usenet. (Ìyẹn kì í ṣe ímeèlì gan-an, ṣùgbọ́n inú mi kì í dùn bí mo bá rántí pé Green Card, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ń fi ààwẹ̀ bẹ Ọlọ́run fún, ni wọ́n fi ṣí ọ̀nà náà.) Lẹ́yìn ìyẹn ni ìkún omi dé. Ẹni tó bá fẹ́ tú lẹ́tà pàǹtírí ká kò ní fi sáfà tirẹ̀ ṣe é. Yóò wá sáfà onínúure kan, yóò já ẹrù náà lé e lórí pẹ̀lú orúkọ àìmọye èèyàn. Sáfà yẹn ni yóò máa pín in kiri, òun náà ni wọn yóò sì máa bú. Nígbà tí ẹ̀dà 8.9 ti Sendmail, ètò tí ọ̀pọ̀ sáfà fi ń gbé lẹ́tà, jáde lọ́dún 1998, ó ti ilẹ̀kùn náà pa láti ìbẹ̀rẹ̀: bí o kì í bá ṣe aráalé, kò ní bá ọ gbé lẹ́tà.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ aráalé? Àdírẹ́sì IP ló ń wò, nọ́ńbà ibi tí o ti ń sọ̀rọ̀. Bí o bá ń lo wáyà ilé iṣẹ́ kan náà tó ni sáfà, nọ́ńbà rẹ wà nínú ìwé wọn, aráalé ni ọ́. Àwa ńkọ́? Sáfà ímeèlì wa wà lókè òkun. Íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń lò, kafé tó wà nísàlẹ̀ ilé wa ló ń tà á fún wa lóṣooṣù. Wáyà búlúù kan gòkè láti fèrèsé wọn wọ fèrèsé wa. Àwọn náà gbé àwo sátẹ́láìtì ńlá sórí òrùlé. Púrúùfù tó fẹ́ lọ sí Peckham yóò kọ́kọ́ gòkè lọ bá sátẹ́láìtì tó wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà lókè, kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí ilẹ̀ mìíràn. Lójú sáfà wa, àlejò pátápátá ni wá, bẹ́ẹ̀ àwa la ń sanwó rẹ̀.

Ọgbọ́n tí àwọn alábòójútó sáfà dá sí i ni ohun tí ìwé pélébé mi ń sọ láìmọ̀. SMTP kò mọ bí a ṣe ń béèrè páswọ́ọ̀dù, POP mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ POP lọ gba lẹ́tà tirẹ̀. Bí páswọ́ọ̀dù rẹ̀ bá tọ̀nà, kí sáfà kọ nọ́ńbà ibi tó ti wá sínú àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní tábìlì, kó sì sọ fún olùṣọ́ ilẹ̀kùn 25 pé: lẹ́tà tó bá ti nọ́ńbà yìí wá, gbà á fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn kan ń fún èèyàn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn mìíràn ní ọgbọ̀n. Tiwa jẹ́ 15. Bí àkókò náà bá pé, wọ́n pa nọ́ńbà rẹ rẹ́, o sì tún di àlejò. POP-before-SMTP ni wọ́n ń pè é.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ títẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tó yé mi. Bọ́tìnnì Outlook Express náà, fífi ránṣẹ́ ló kọ́kọ́ ń ṣe kó tó gbà. Ó ń lọ sí ilẹ̀kùn 25 kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, wọ́n ń lé e. Ó wá ń lọ sí ilẹ̀kùn 110, ó ń sọ páswọ́ọ̀dù, wọ́n ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo bá fi máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, a ti di ẹni mímọ̀. Mo sáré sọ ọ́ fún ọ̀gá mi. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí ìwé tó ń kà, ó ní, "Ó fẹ́ ká kí òun nílé kejì ká tó wá sí ilé kìn-ín-ní." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ní, "Ó dáa, ká máa kí i."

Nígbà tí a ra Office 2003, mo kúrò lórí Outlook Express, mo bọ́ sórí Outlook gan-an, nítorí ó ní ibi tí a ti lè sọ ọ́ fún un kedere. Ọ̀nà ibẹ̀ ṣì wà lórí mi: Tools, E-mail Accounts, More Settings, lẹ́yìn náà ojú ewé Outgoing Server. O máa kọ́kọ́ fi àmì sí i pé sáfà tó ń gbé lẹ́tà jáde ń béèrè ẹ̀rí, lẹ́yìn náà wàá yan ọ̀kan nínú mẹ́ta. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni "Log on to incoming mail server before sending mail". Mo yàn án. Láti ọjọ́ náà, Outlook fúnra rẹ̀ ló ń lọ kí POP kó tó lọ sí ilẹ̀kùn 25, mo sì já ìwé pélébé náà kúrò.

Kò parí síbẹ̀. Púrúùfù wúwo. Fáìlì tó bá jẹ́ mẹ́gábáìtì mẹ́ta máa ń tó mẹ́rin bí o bá so ó mọ́ ímeèlì, nítorí bí wọ́n ṣe ń tún un kọ kó lè gba inú lẹ́tà kọjá ń fi ìdá mẹ́ta rẹ̀ kún un. Lórí sátẹ́láìtì tí gbogbo kafé ń pín lò, irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lè gba ìdajì wákàtí. Bí lẹ́tà mẹ́ta bá tò tẹ̀léra, èkíní á lọ nítorí wọ́n ti gbà á wọlé kí àkókò tó pé. Èkejì á dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí ìṣẹ́jú 15 ti kọjá, wọ́n á lé e padà. Mo bá sọ fún Outlook pé kó máa lọ wo lẹ́tà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ní ọ̀sán àti ní òru, kí orúkọ wa má baà kúrò nínú tábìlì náà láé. Ìmọ̀ràn tí gbogbo èèyàn ń fúnni nìyẹn: jẹ́ kí àlàfo tìrẹ kéré sí àlàfo sáfà. Inú mi dùn sí i gan-an. Nǹkan lọ geerege fún oṣù mélòó kan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan lọ́dún 2005, lẹ́tà kankan kò wọlé, kankan kò sì jáde. Ọ̀sán la tó rí èsì àwọn tó ni sáfà gbà, nínú àpótí Yahoo tí ọ̀gá mi ní. Wọ́n ti ti àkáǹtì wa pa. Wọ́n ní ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, lẹ́tà tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ti gba orí sáfà wọn jáde láti nọ́ńbà wa, ọ̀rọ̀ nípa owó kan tó há sí báńkì, ẹ bá wa gbé e jáde. Wọn kò pè wá ní olè. Ohun tí wọ́n kọ ni pé irú nǹkan báyìí kì í ṣe tuntun láti agbègbè tiwa.

Ọ̀gá mi ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún ka a. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bí ewé kan bá lé nínú ẹgbẹ̀rún kan tó tẹ̀ fún ọ, yóò dá ewé náà padà fún ọ. N kò tíì rí i kí ó dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo fi ọjọ́ méjì wádìí rẹ̀. Kò sí kòkòrò nínú kọ̀ǹpútà wa. Kò sẹ́ni tó jí páswọ́ọ̀dù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wáyà búlúù yẹn kò fún wa ní nọ́ńbà tiwa. Nínú ilé, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, ṣùgbọ́n nọ́ńbà inú ilé lásán nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti jáde sí sátẹ́láìtì, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò, àwa àti ogójì ìjókòó tó wà nísàlẹ̀. Nígbà tí Outlook wa bá lọ kí POP, orúkọ wa kọ́ ni sáfà kọ sínú tábìlì. Ojú ọ̀nà náà ló kọ. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ń gba ojú ọ̀nà kan náà jáde láàárín ìṣẹ́jú 15 ti di aráalé lójú sáfà wa. Kò nílò páswọ́ọ̀dù wa. Kò tilẹ̀ nílò kó mọ̀ wá. Ó kàn ń dán orúkọ sáfà wò títí yóò fi rí èyí tó gbà á. Èmi tí mo sì sọ fún Outlook kó máa lọ kí POP ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá tọ̀sán tòru, èmi ni mo di ilẹ̀kùn náà mú ní ṣíṣí sílẹ̀, ní òru ọjọ́ Sátidé tí kò sí ẹnìkankan wa ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀gá mi sọ̀kalẹ̀ lọ bá obìnrin tó ni kafé. Mo tẹ̀ lé e. Kò bá a jà. Ó ṣàlàyé bí mo ṣe ṣàlàyé fún un. Obìnrin náà ṣí ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ̀gbọ́n, èèyàn ogójì ló ń jókòó síbí mọ́jú. Àwọn kan ń wá fọ́ọ̀mù JAMB, àwọn kan ń bá ọkọ wọn tó wà ní Jámánì sọ̀rọ̀. Èwo ni kí n mú nínú wọn?" Ọ̀gá mi ní òótọ́ ni. A gòkè padà.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dun mi jù lọ nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń wá fọ́ọ̀mù JAMB, ìyàwó tó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, atẹ̀wé tí kì í jẹ ewé bébà oníbàárà, àti ẹni tó ń parọ́ owó tó há sí báńkì: lójú ẹ̀rọ tó wà lókè òkun, ojú kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní. Nọ́ńbà 419, tó jẹ́ nọ́ńbà abala kan nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa tó ń dá ẹni tó bá fi ẹ̀tàn gba ohun ìní èèyàn lẹ́bi, ti di orúkọ tí àwọn ará òkèèrè fi ń pe ìwà náà, tí àwọn kan sì fi ń wo gbogbo wa. Òfin tí a ṣe láti fi bá olè wí wá di àmì iwájú orí fún àwọn tí olè ń bà lórúkọ jẹ́. Sáfà náà kò kórìíra wa. Ó kàn jẹ́ pé ibi tí èèyàn ti wá nìkan ni wọ́n kọ́ ọ láti máa wò.

Mo máa ń rántí àwọn ìlàrí ààfin Ọ̀yọ́ bí mo bá ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Ìránṣẹ́ Aláàfin ni wọ́n, apá kan orí wọn ni wọ́n sì máa ń fá, tí wọn yóò fi apá kejì sílẹ̀. Bí ìlàrí bá wọ ìlú, ìbáà gba ìhà Ìbarapa tàbí ìhà Ìbàdàn wọlé, orí rẹ̀ ni àwọn èèyàn ń wò. Àmì iṣẹ́ tí wọ́n rán an wà lára òun fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún èèyàn ìbáà gba ọ̀nà kan náà lọ́jọ́ náà, ọ̀kan nínú wọn kò ní fi ìyẹn di ìlàrí.

Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ti wà fún ímeèlì kó tó di pé wàhálà bá wa. Ìwé RFC 2476 ti ya ilẹ̀kùn 587 sọ́tọ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1998 fún ẹni tó ń fi lẹ́tà tirẹ̀ ránṣẹ́, kó má baà máa bá àwọn sáfà tó ń gbé lẹ́tà fún ara wọn fà á ní ilẹ̀kùn 25. Ní oṣù Kẹta ọdún 1999, RFC 2554 kọ́ SMTP bí a ṣe ń béèrè orúkọ àti páswọ́ọ̀dù: SMTP AUTH. Ọgbọ́n kíkí POP tí a ń lò kò ju àlẹ̀mọ́ lọ, èyí tí wọ́n fi di ihò títí gbogbo ètò ímeèlì yóò fi mọ AUTH. Ó kàn pẹ́ nílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tó ni sáfà wa ní AUTH ní tiwọn. Wọn kò sọ fún wa, èmi náà kò béèrè, nítorí èyí tí mo mọ̀ ń ṣiṣẹ́.

Mo padà sí ojú ewé Outgoing Server kan náà. Mo kúrò lórí èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, mo yan èyí tó wà lókè pátápátá, "Use same settings as my incoming mail server". Mo yí 25 padà sí 587. Mo wá fi ìparòkó TLS, tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn lè ka ọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, kún un lọ́nà méjèèjì, nítorí ohun mìíràn ti wá yé mi tó mú kí àyà mi já: ní ilẹ̀kùn 110, páswọ́ọ̀dù ń kọjá ní gbangba, bí ọ̀rọ̀ tí a kọ sẹ́yìn káàdì. Fún oṣù mélòó kan, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, mo ti ń ké páswọ́ọ̀dù ọ̀gá mi jáde láàárín kafé. A yí i padà lọ́jọ́ náà. Gbogbo àtúnṣe yìí kò gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n ṣí àkáǹtì wa lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì tọrọ àforíjì fún gbólóhùn yẹn nígbà tí ọ̀gá mi ní kí n kọ̀wé bi wọ́n léèrè pé agbègbè wo ni wọ́n ní lọ́kàn.

Bí o bá ṣì ń bójú tó ímeèlì ilé iṣẹ́ kékeré kan, tí o sì rí i pé ètò tí ẹ ń lò ṣì ń lọ gba lẹ́tà kó tó lè fi ránṣẹ́, jọ̀wọ́ yọ ọ́. Lo 587 pẹ̀lú STARTTLS, tó ń bẹ̀rẹ̀ ìparòkó lẹ́yìn ìkíni, tàbí 465 tó ń paròkó láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí RFC 8314 ti ọdún 2018 fẹ́ràn jù. Ewu tó bá wa ní Ṣómólú kò dínkù, ó pọ̀ sí i ni. Gbogbo àdírẹ́sì IP ti irú àtijọ́ tó wà láyé kò ju nǹkan bí bílíọ̀nù 4.3 lọ, wọn kò sì kárí. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fóònù ń kó oníbàárà púpọ̀ sábẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí kafé wa ti ṣe, ṣùgbọ́n níbi tí ogójì ìjókòó wà tẹ́lẹ̀, àìmọye fóònù ló wà níbẹ̀ báyìí. Ó ṣì ń ṣẹlẹ̀ pé kí ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kí n wá nǹkan mìíràn ṣe nítorí ohun tí ẹni tí n kò mọ̀ ti fi nọ́ńbà kan náà ṣe. Mo máa ń rántí obìnrin kafé bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ní ṣíṣí.

Ọ̀gá mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Kord méjì ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ wọn ló ń darí ibẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ìwé ìsìnkú kankan kò ní jáde kí ọ̀gá mi fúnra wọn tó rí i. Orí fóònù ni wọ́n ti ń kọ lẹ́tà. Mo ṣàkíyèsí pé bí wọ́n bá ti kọ lẹ́tà tán, wọn kì í fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á padà sí ibi àpótí, wọ́n á fi ìka fa ojú fóònù wálẹ̀, wọ́n á dúró títí yíyí kékeré yẹn yóò fi dúró. Mo sọ fún wọn lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀yin sà, kò béèrè ìyẹn mọ́ o. Ó ti tó ogún ọdún." Wọ́n ní, "Mo mọ̀."

Nígbà tí mo lọ kí wọn lọ́dún tó kọjá, lẹ́tà wà lọ́wọ́ wọn sí ẹbí kan ní Houston, pé pléètì ti ṣe tán, pé ọ̀la ni ẹ̀rọ yóò bẹ̀rẹ̀, ẹ̀dà 500. Wọ́n fa ojú fóònù wálẹ̀. Lẹ́tà kan já bọ́ sókè, láti ọ̀dọ̀ ẹbí náà, ìṣẹ́jú mẹ́rin sẹ́yìn: físà àbíkẹ́yìn kò tíì jáde, wọ́n ti sún ìsìnkú síwájú ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ dákun, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀gá mi kà á síta fún mi. Wọ́n pa lẹ́tà tí wọ́n ti kọ rẹ́, wọ́n gbé jígí wọn sókè sí imú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn: "Ẹ kú ara fẹ́ra kù o."